Balùwẹ̀ Ilé Àyágbé àti Ọmọ Tí Kò Lè Dá Wẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n kì í sì í ṣe tíṣà. Ata àti tòmátò ni mò ń tà. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè sọ. Ọmọbìnrin mi kejì, àkàndá ọmọ ni. Jọ́ńdìsì ló ṣe é ní ọjọ́ kẹrin tí mo bí i. A rò pé oòrùn àárọ̀ á tó o, a pẹ́ ká tó gbé e dé ọsibítù, ó sì ti kan ọpọlọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí ojú ọmọ bá pọ́n rúsúrúsú, ẹ má dúró de oòrùn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Kò lè dá dúró, kò lè dá rìn. Máfolúkù là ń gbé, ilé tí a ń pè ní "face-me-I-face-you", yàrá mẹ́wàá, balùwẹ̀ kan. Nígbà tó wà ní kékeré, mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ wẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ń wúwo sí i, ẹ̀yìn ìyá kì í lágbára sí i. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ balùwẹ̀ yọ̀, èmi àtòun ṣubú pọ̀. Orí rẹ̀ bẹ́, èmi náà fi ìbàdí ṣèṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò dé ọjà.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà, lójú gbogbo ará ilé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tó bá ti rí kànrìnkàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ojú ń tì í. Ọmọbìnrin ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe, àṣìṣe ni. Mo pe bíríkìlà láìsọ fún onílé. Kó tó fọ́ ilẹ̀ tán, bàbá onílé dé, ó ní ta ló fún mi láṣẹ, ó fẹ́ fún mi ní ìwé kúìtì. Bàbá kò jẹ̀bi. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ yí ilé padà tàbí fi nǹkan kún un láìgba àṣẹ onílé nínú ìwé. Òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá ti gba àṣẹ nínú ìwé kó tó tún ilé ṣe, tí onílé bá wá ní kó kó jáde, ó lè béèrè owó ohun tó ṣe, àfi tí àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ìyá Ẹgbẹ́ àti àgbà méjì ló bá mi bẹ bàbá. A kọ ìwé ojú ewé kan: ohun tí a fẹ́ ṣe, ẹni tó máa sanwó, ohun tí màá kó lọ tí mo bá ń lọ. Bàbá fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i, kálukú mú ẹ̀dà kan. Bí ti onílé yín bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Láti 1999 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún fi orúkọ ọmọ yín sílẹ̀ ní LASODA, ọ́fíìsì tí òfin àkàndá ẹ̀dá ti 2011 dá sílẹ̀ ní Èkó.

Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe. Ìkíní, ilẹ̀. Bíríkìlà tún un da, kò dán an, ìgbálẹ̀ ló fi ha á kó má baà yọ̀. Ìkejì, ẹnu ọ̀nà. Ó ga ní íǹṣì mẹ́fà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni íǹṣì kan gíga, ẹsẹ̀ bàtà kan gígùn, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbà. Tó bá kúrú ju ìyẹn lọ, kẹ̀kẹ́ lè dojú dé. Ìkẹta, irin ìdìmú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri nìkan. Búlọ́ọ̀kù oníhò kì í di ìṣó mú, ọjọ́ tí ọmọ bá fi gbogbo ara fà á, á tu. Inú ilẹ̀ la gbin tiwa sí, a da kọnkéré sí i lẹ́sẹ̀. Ara ọmọ náà la fi wọn gíga rẹ̀. Ìkẹrin, àga ìwẹ̀. Wẹ́dà fi páìpù ṣe é, ó ní ìfẹ̀yìntì àti ìgbànú, rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àga yẹn, tèmi ni, ibi tí mo bá kó lọ ló ń bá mi lọ. Ìkarùn-ún, ilẹ̀kùn tó ní ìdè nínú.

Síbẹ̀, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan, bó ti wù kó kéré mọ. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó bu gbígbóná lé e, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wẹ̀ níbẹ̀, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ó ní kí n tì í. Mo tì í. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé tó ń kùn nígbà yẹn ńkọ́? Ìyá arúgbó tó wà ní yàrá kẹta ń di irin yẹn mú báyìí, aboyún ilé wa náà ń dì í mú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ rèé. Ẹ̀yáwó ọjà là ń yá ara wa. Ṣùgbọ́n ohun tí mo pàdánù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò tajà ju owó irin àti sìmẹ́ńtì lọ. Ẹ jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí náà wà lára ohun tí a lè yáwó fún. Ìyá tí ìbàdí rẹ̀ bá kọṣẹ́, kí ló fẹ́ fi san àjọ? Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ yìí nílé tí ẹ kò tíì sọ fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ọjà á máa tà, ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́.