Ìkànnì Ìjọ àti Ẹni Tí Ń Wá Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ àwọn ẹ̀ka ìjọ wa ní ilẹ̀ South Africa, ní Soweto

Iṣẹ́ tí a fi rán mi lónìí ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì ìjọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ìmọ̀ràn kan wà níwájú Ìgbìmọ̀ pé kí a yọ nínú owó ìkórè láti fi ṣe ìkànnì tuntun. Iṣẹ́ ṣíṣe ìkànnì ni mo fi ń jẹun ní Johannesburg, mo sì mọ ohun tí àwa oníṣẹ́ yìí máa ń fi han oníbàárà kí ó tó sanwó.

Kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ẹni tí yóò wá sí ìkànnì náà. Kì í ṣe àwa tí a jókòó síhìn-ín, nítorí àwa ti mọ ọ̀nà. Ẹni tí mo ní lọ́kàn ni ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ dé, tí ó gba yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé onílé ní Diepkloof. Tàbí arábìnrin ọmọ Zulu ní Meadowlands, tí aládùúgbò rẹ̀ sọ fún un pé ìjọ wa a máa gbàdúrà fún aláìsàn. Fóònù kékeré ni ó wà lọ́wọ́ wọn, dátà tí ó kù nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n ń wá ibi tí ilé ìsìn wà, aago tí ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, àti nọ́ḿbà ẹni tí wọ́n lè pè. Bí wọn kò bá rí i kíákíá, wọn yóò pa á dé, ó sì ṣeé ṣe kí wọn má padà mọ́.

Ọ̀rọ̀ dátà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 2016 ni àwọn ènìyàn gbé ohùn sókè kíkankíkan pé owó dátà gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìdíje nínú òwò ṣe ìwádìí, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi hàn pé tálákà tí ń ra díẹ̀díẹ̀ ni ó ń san owó jù lórí ìwọ̀n kan náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Vodacom dín owó gígábáìtì kan ti ọgbọ̀n ọjọ́ kù láti Ráńdì 149 sí Ráńdì 99. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná ọjà mọ̀ pé ẹni tí ó ra apẹ̀rẹ̀ ata ni ó ń rí ẹ̀dínwó, ẹni tí ó ra ìṣù ata kékeré kò rí i.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Fídíò tí ń ṣeré fúnra rẹ̀ níwájú ìkànnì, irú èyí tí ó wà lóde nísinsìnyí, lè tó mẹ́gábáìtì 20. Bí a bá fi Ráńdì 99 fún gígábáìtì kan ṣe òdiwọ̀n, ó súnmọ́ Ráńdì 2. Fún ẹni tí ń ra díẹ̀díẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti gba ọrẹ lọ́wọ́ àlejò kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa.

Báwo ni irú fídíò bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀? Nígbà tí a bá ń fi iṣẹ́ han oníbàárà, a ó tan kọ̀ǹpútà ńlá nínú ọ́fíìsì tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń sáré bí ẹṣin. Àwòrán yóò máa yọ, akọrin yóò máa jó, lẹ́tà yóò máa rìn wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Ìgbìmọ̀ yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò sì fọwọ́ sí ìwé. Kò sí ẹni tí ó rántí mú fóònù arábìnrin ti Meadowlands wá síbẹ̀. Èmi kò sọ pé ẹwà kò dára, nítorí ilé Ọlọ́run yẹ ní ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà iṣẹ́ wa pàápàá kò fara mọ́ àṣejù yìí. Jakob Nielsen kọ ọ́ láti ọdún 1993 pé bí kọ̀ǹpútà bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ó tó dáhùn, ọkàn ẹni tí ń dúró yóò ti lọ síbòmíràn. Àṣà lẹ́tà eérú lórí ilẹ̀ funfun náà ń kọ́? Ojú àwọn àgbà wa kò lè kà á, ìlànà àgbáyé tí ó wà fún ìkànnì sì lòdì sí i. Ẹni tí ó bá mọ ìwé Hábákúkù mọ irú ìkọ̀wé tí Olúwa béèrè lọ́wọ́ wòlíì náà.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ilé-iṣẹ́ àjèjì kì í rò, èyíinì ni àmì orí èdè wa. Nínú Unicode, ètò lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ń lò, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń kan àmì ohùn mọ́ wọn. Bí a kò bá ṣe irú lẹ́tà náà dáadáa, àmì yóò fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí oko lásán, ṣé oko ni yóò pè é ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀? Kí a má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lè fi odindi gbólóhùn Yorùbá hàn wá lórí fóònù. Kí ojú ìwé ti Zulu àti ti Sotho sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibi tí a ń gbé nìyí.

Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ níbi ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Ẹnìkan yóò kọ àìsàn rẹ̀ síbẹ̀, òmíràn yóò kọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń fi ojú rẹ̀ rí. Ta ni yóò kà á? Mo rí ìkànnì ìjọ kan, kì í ṣe tiwa, tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ ń wọ inú ímeèlì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ìkànnì náà. Wòlíì kan kò rí wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ẹni ní South Africa, èyí tí a ṣe ní ọdún 2013, tí a sì fi dandan lé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2021, ka ìgbàgbọ́ ènìyàn àti ìlera rẹ̀ mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Bí ìjọ kò bá tíì yan ẹni tí yóò máa ka ẹ̀bẹ̀ náà, tí yóò sì máa pa á rẹ́ lẹ́yìn àdúrà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a yọ ìwé náà kúrò, kí a fi nọ́ḿbà fóònù wòlíì sí ipò rẹ̀.

Orúkọ ìkànnì dà bí ìwé ilẹ̀: ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ gbà á ni ó ni ín. Kí ó jẹ́ ti ìjọ, kí ọ̀rọ̀ ìṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, kí Akápò sì máa san owó ọdọọdún rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo gbé síwájú Ìgbìmọ̀ ni pé kí ojú ìwé àkọ́kọ́ má ju ìdajì mẹ́gábáìtì lọ; kí ibi ìsìn, aago àti fóònù ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wà lókè pátápátá; kí ìwàásù jẹ́ ohùn lásán tí kò wúwo; bí fídíò bá sì wà, kí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára, kí ó má ṣe ṣeré àyàfi bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Kí a fi nínú owó tí ó bá ṣẹ́kù ra dátà fún ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí yóò máa tún aago ìsìn ṣe nígbàkígbà tí ó bá yí padà.

Nielsen kan náà sọ ní ọdún 2000 pé ènìyàn 5 tó láti tú púpọ̀ nínú àbùkù ìkànnì síta. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán yìí, lẹ́yìn oúnjẹ, mo bẹ àwọn ará márùn-ún tí fóònù wọn kéré jù lọ kí wọ́n wá sí iwájú gbọ̀ngàn yìí. Kí wọ́n ṣí ìkànnì wa ti ìsinsìnyí, kí wọ́n wá aago ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ní ẹ̀ka tí kì í ṣe tiwọn. Mo ti bẹ Akọ̀wé kí ó máa fi aago wò ó, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún Ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó dìbò lálẹ́ òní.