Bí Àwòrán Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Dé Ibi Tó Jìnnà

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo bá wá lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń ṣe epo pupa. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa tó ń lọ sílé-ìwé ń pè ní ordinateur, wà nínú yàrá akọ̀wé. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ń kọ iye ẹyìn tí olúkúlùkù gbé wá sí. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wọn ẹyìn, ó sì tó mítà 40 sí yàrá náà. Ẹni tó gbé ẹyìn wá kò rí ohun tí akọ̀wé kọ. Bí ọjọ́ owó bá dé, ìjà dé nìyẹn. Ìyá kan á ní igbá 12 ni òun gbé wá, ìwé á ní 9 ni.

Bí tẹlifíṣọ̀n ńlá kan bá wà lábẹ́ àtíbàbà, tí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sì ń hàn níbẹ̀, ẹni tó ti mọ orúkọ rẹ̀ kà á rí i lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, á sọ ọ́ níbẹ̀ kó tó lọ sílé. Ẹ lè ní kí wọ́n kúkú gbé kọ̀ǹpútà lọ sábẹ́ àtíbàbà. Èéfín ń kọ́? Eruku, omi, àti olè ń kọ́? Kí kọ̀ǹpútà jókòó sílé, kí àwòrán rẹ̀ nìkan jáde.

Ibi tí owó ẹgbẹ́ ti máa ń ṣòfò nìyí. Wáyà tí a fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń pè ní HDMI. Ọdún 2002 ni wọ́n gbé e jáde. Ó dára púpọ̀ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá mítà 10 sí 15, àwòrán lè máa ṣẹ́jú, tàbí kó má yọ rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé àwòrán kan ṣoṣo ní àmì tíntìntín tó lé ní mílíọ̀nù 2, kọ̀ǹpútà sì ń rán àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá láti ìpẹ̀kun oko kan sí èkejì. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Wáyà nẹ́tíwọ̀kì, èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ara wọn, ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá bó o, ẹ ó rí wáyà kéékèèké 8 nínú rẹ̀. Wọ́n lọ́ wọn mọ́ ara wọn ní méjì-méjì bí ẹni lọ́ okùn. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Alexander Graham Bell, ọ̀gbẹ́ni tẹlifóònù, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1881. Iná mànàmáná àti ẹ́ńjìnnì máa ń da ariwo sínú wáyà. Bí a bá lọ́ wáyà méjì pọ̀, ariwo á bá àwọn méjèèjì bákan náà. Ẹ̀rọ tó wà lópin ń wo ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan, nítorí náà ariwo tó bá wọn dọ́gba kò já mọ́ nǹkan kan.

Wáyà nìkan kò tó. Ẹ ó ra àpótí kékeré 2. Ọ̀kan ń gba àwòrán lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tún un tò kó lè gba inú wáyà yìí kọjá. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń dá a padà sí bó ti wà. Ẹ ra méjèèjì pọ̀, nítorí pé ti olóko kan kì í sábà gbọ́ èdè ti ẹlòmíràn. Irú kan wà tó ń jẹ́ HDBaseT. Ọdún 2010 ni LG, Samsung, Sony àti Valens dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè dé mítà 100. Àwọn tí owó wọn kéré lè má ju mítà 50 lọ, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹnu wáyà náà jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì gan-an. Ẹ má tìtorí èyí kì í bọ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó ṣeé ṣe. Àwọn àpótí kan ń gbé iná gba inú wáyà, wọ́n lè ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ wáyà rírà gan-an ló mú mi wá sí kíláàsì yìí. Yálà ní Àjàṣẹ́ ni ẹ ti rà á, tàbí ẹ gba Ìdí-Ìrókò lọ sí ọjà Alábà l'Ékòó, ẹ ka ara wáyà náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ wá CAT 5e tàbí CAT 6. Bí ẹ bá rí CCA, ẹ fi sílẹ̀, álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Àwọn mìíràn kì í kọ ọ́ sí i, nítorí náà ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà kékeré kan. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe bàbà.

Wọ́n tún máa ń tẹ nọ́ńbà mítà sára wáyà láti orí dé ìdí. Ká ní ẹ rí 112 ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì rí 157 ní òpin. Ẹ yọ 112 kúrò nínú 157, ó ku 45. Bí ẹni tó tà á bá ní mítà 60 ni, ẹ fi nọ́ńbà hàn án. Bó bá jẹ́ FT ni wọ́n kọ, ẹsẹ̀ bàtà ni, kì í ṣe mítà.

Tí ẹ bá ń tẹ́ ẹ, ẹ má ṣe kì í sínú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Àrá ló tún lágbára jù. Wáyà tó ti inú ilé jáde síta lè gbé agbára àrá wọlé. Kí òjò tó ṣú dé, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu àpótí méjèèjì. Bí àrá bá ti ń sán, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá lówó díẹ̀ sí i lè lo okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, torí pé gíláàsì kì í gbé iná.

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ na wáyà sórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì tó ń lọ ẹyìn, kí ẹ sì wo àwòrán fún wákàtí kan. Bí kò bá ṣẹ́jú, ẹ gbé ọkọ́.