Orín Ata ní Ilẹ̀ Ọ̀tà

Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ewé kan ṣoṣo. Orín ata ni a mú.

Pákò lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n sí, èyí tí wọ́n ń dì ní ìdì-ìdì lórí àtẹ. Wọn kò rí igi rẹ̀ rí. Igi kékeré ni. Ẹ̀gún wà lára èèpo rẹ̀, ó wà lára ẹ̀ka, ó tún wà lábẹ́ ewé. Òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó funfun díẹ̀. Bí èso rẹ̀ bá là, kóró dúdú kan tí ń dán a yọjú. Ẹ já ewé rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ra á, òórùn bí ti èèpo ọsàn ni ẹ ó gbọ́, nítorí ìdílé kan náà ni òun àti ọsàn. Gbòǹgbò rẹ̀ ni a ń rún. A ta ni lẹ́nu bí ata, lẹ́yìn náà ahọ́n a kú.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju ìfọyín lọ. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ orín wò bóyá ó ń pa kòkòrò ẹnu. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé orí ẹ̀jẹ̀. Ní 1971, òun àti Isaacs-Sodeye tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò orín ata a máa dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí ipò rẹ̀. Ní 1975, wọ́n tẹ àbájáde èyí tí wọ́n fi dán an wò lára àwọn aláìsàn jáde. Àrùn náà ni àwa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kí babaláwo kankan má ṣe torí èyí sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kí ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ìdánwò ni wọ́n ṣe, wọn kò pè é ní ìwòsàn pátápátá. Bí a bá sì ń dá Ifá ìgbéyàwó, kò sí èèwọ̀ nínú kí a bi ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin náà irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní.

Níbo ni a ó ti wá rí i ní Ọ̀tà? Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 ni ilé iṣẹ́ ti ń jẹ igbó Sángo àti Ọ̀tà. A kò bá ilé iṣẹ́ jà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń já ewé nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ti wà lábẹ́ kọnkéré báyìí. Ìwọ̀nba tí ó kù ní bèbè odò àti ẹ̀yìn ògiri, àwọn tí ń tà á ń wú u tìdí-tìdí. Ewé tí a já yóò tún hù. Igi tí a wú gbòǹgbò rẹ̀ tán ti kú.

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyí: a kí Ọ̀sanyìn, a ṣe ètùtù ìdí igi, a wa ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan péré. A gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́, a kì í fọwọ́ kan ìyá gbòǹgbò. A da erùpẹ̀ padà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Igi náà a sinmi kí a tó tún padà sí i. Ọmọ ẹ̀kọ́ tí ó bá wú u tán yóò gbọ́ tọwọ́ olúwo.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún ni ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ojúbọ, kí a gbin orín ata sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kóró rẹ̀ kì í tètè hù, nítorí náà kí ẹni tí ó bá rí èso tí ó là kó o wá lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwa yóò mú tiwa wá.