Kí Ẹ Tó Fi Location Ránṣẹ́, Ẹ Wò Ó Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ogun Gulf, ọdún 1991, GPS alágbèéká ló ń fọ̀nà han sójà Amẹ́ríkà nínú aṣálẹ̀ tí kò ní àmì kankan. Ṣùgbọ́n ní December 2001, ní Afghanistan, bátìrì GPS kan kú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà tàn padà, ibi tí àwọn fúnra wọn wà ló gbé wá, kì í ṣe ibi ọ̀tá. Òun náà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Bọ́ǹbù já lé wọn lórí. Sójà Amẹ́ríkà mẹ́ta kú, àwọn ará Afghanistan náà kú. Ẹ̀rọ ò parọ́ o. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Tí aláìsàn bá ń dúró de ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó: ṣé ibi tí aláìsàn wà lẹ fi ránṣẹ́, àbí ibi tí ẹ̀yin wà?