Ìṣirò ní Ẹnu-Ọ̀nà Yunifásítì: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yóò Bá Níbẹ̀



Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú yunifásítì, yálà IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí, tàbí JUPEB tí ọ̀pọ̀ yunifásítì pawọ́ pọ̀ ṣe. Iṣẹ́ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ó bá yege, tí ó sì rí àyè gbà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì ní yunifásítì.

Nínú àwọn tí wọ́n mú ìṣirò, ẹni tí ó gba A1 ní girama lè gba 20 nínú 100 nígbà ìdánwò àkọ́kọ́. Ojú yóò tì í. Yóò máa rò pé ọpọlọ òun kò gbé e, yóò sì fẹ́ fi iṣẹ́ ẹnjiníà tí ó ń lépa sílẹ̀. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe wáyé. Ọpọlọ rẹ̀ kò dín kù. Irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi í ni ó yí padà. Ní girama, wọ́n ní kí ó wá ìdáhùn. Níbí, wọ́n ní kí ó sọ ìdí.

Ẹ wo ìṣirò kan tí Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, onímọ̀ ìlú Baghdad ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, kọ sínú ìwé rẹ̀ tí orúkọ áljẹ́bírà ti wá: x² + 10x = 39. Ọmọ girama yóò fa fọ́múlà yọ, yóò kó nọ́ńbà sí i, yóò rí 3 àti −13, ó parí. Ṣùgbọ́n níbo ni fọ́múlà náà ti wá? Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo jẹ́ x. Kí ó pín 10x sí 5x àti 5x, kí ó lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ó lẹ èkejì mọ́ ìsàlẹ̀. Àwòrán náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di onígun mẹ́rin ńlá, igun kan ṣoṣo ni yóò ṣófo. Igun náà jẹ́ 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25. Bí a bá fi 25 dí i, 39 yóò di 64. Ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́rin ńlá náà yóò jẹ́ 8. Bí a bá yọ 5 kúrò, yóò ku 3. Al-Khwarizmi kò ka −13 sí, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kò lè kéré ju òdo lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní gbọ́dọ̀ kà á, nítorí pé −8 lọ́nà −8 náà jẹ́ 64. Ẹni tí ó bá mọ èyí, bí ó tilẹ̀ gbàgbé fọ́múlà, yóò lè tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kálíkúlọ́ọ̀sì tí ó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Nínú y = x², báwo ni ìlà náà ṣe ń yára ga tó ní ibi tí x ti jẹ́ 3? Láti 3 dé 3.1, y kúrò ní 9, ó di 9.61. Bí a bá fi 0.1 pín 0.61, a ó rí 6.1. Láti 3 dé 3.01, a ó rí 6.01, láti 3 dé 3.001, 6.001. Ó ń sún mọ́ 6. A kò lè sọ àlàfo náà di òdo lójijì, nítorí pé a kì í fi òdo pín nǹkan. Ibi tí ó ń sún mọ́ ni a ń wá. Gbogbo òfin tí wọ́n ń há sórí, inú èyí ni ó ti jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun, àtijọ́ tí kò fìdí múlẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé rúùtù 9 + 16 jẹ́ 3 + 4, ó ti kọ 7 síbi tí 5 yẹ kí ó wà. Bí ó ti wù kí ó mọ kálíkúlọ́ọ̀sì tó, àṣìṣe yìí yóò kó máàkì rẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá, kí ó padà sórí ìdá, àmì ìyọkúrò àti áljẹ́bírà.

Àkókò pẹ̀lú kò pọ̀. Ọdún méjì ni àwọn àgbà fi ṣe HSC láyé ìgbà kan; ẹ̀kọ́ ti ìsinsìnyí kò ju sáà ọdún kan lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ òní kò gbọdọ̀ di ti ọ̀la. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ìbéèrè kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó wo ìdáhùn, nítorí pé inú wàhálà yẹn ni òye ti ń wá. Kí ó máa ṣàlàyé fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀; ibi tí ẹnu rẹ̀ bá ti kọ́, ibẹ̀ ni kò tíì yé e.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pe ọmọ ní olódo nítorí ìdánwò àkọ́kọ́. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tí ó gba 20 lónìí, tí ó sì béèrè ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun fi òye jíǹkí wa.