Ọ̀nà Ilé-Ìwé, Ara Ilé-Ìwé Ni

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù, ní Òṣogbo)

 

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwé, olùkọ́ tàbí ìdánwò ni ẹ ń retí lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣáájú ìwé ni ó wà lọ́kàn wa lónìí, èyíinì ni bí ọmọ yóò ti ṣe dé ibi ìwé náà, tí yóò sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láìfarapa. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ wa: ọ̀nà tí ọmọ ń tọ̀ lọ sí ilé-ìwé, ara ilé-ìwé náà ni. Bí òrùlé ilé-ìwé bá ń jò, ìlú a gbọ́, a ó sì dáwó jọ láti tún un ṣe. Bí ọ̀nà ilé-ìwé bá ń pa ọmọ, ta ni a ó bi?

Ní ayé àwọn bàbá wa, ọ̀nà kì í ṣe ohun tí kò ní olúwa. Ọ̀nà oko ní àwọn tí ń ro ó. Ọ̀nà odò ní àwọn tí ń gbá a. Oníbodè wà ní ẹnu ibodè, baálẹ̀ kò sì ní í jókòó kí igi wó dí ọ̀nà láìpe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kí wọ́n jáde pẹ̀lú àdá. Ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ni ọ̀nà nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, mọ́tò sì tẹ̀lé e, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú ènìyàn ń fi rìn. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, èrè òwò wọn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi kàwé. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe dá ilé-ìwé gíga Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó rò ó tí wọ́n sì ṣe é. Nígbà tí ó sì di January 1955, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ìlú àti ní abúlé, tí ọmọ ọdún mẹ́fà fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀.

Ohun méjì ni ó yí padà láti ìgbà náà. Èkíní, ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Ìbàdàn wá, tí ó gba Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá lọ sí Àkúrẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù tí kò mọ ìlú ń gba orí rẹ̀ kọjá tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kò mọ̀ pé ilé-ìwé wà lẹ́yìn ọgbà tí òun ń sáré kọjá. Òṣogbo pẹ̀lú, láti ìgbà tí ó ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, mọ́tò, alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Èkejì ni pé ilé-ìwé jìnnà sí ọ̀pọ̀ ọmọ ju ti àtijọ́ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ wa da àwọn ilé-ìwé kan pọ̀, wọ́n sì tún wọn pín sí ìsọ̀rí titun. A kò wá síhìn-ín láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ètò náà, ó ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé ẹ̀yìnkùlé bá ara rẹ̀ ní òdìkejì títì. Ní 2020 ni ìjọba tí ó tẹ̀lé e kéde pé a ó padà sí ètò ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé, nígbàkúùgbà tí a bá ń gbìmọ̀ lórí ibi tí ilé-ìwé yóò wà, kí a kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà débẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé a ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2018, ó sì tún un sọ ní 2023, pé nínú gbogbo ohun tí ń pa ọmọ ènìyàn láti ọdún 5 sí 29, ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó ṣáájú. Ní ọdún kan ṣoṣo, ó ń pa ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan káàkiri ayé. Bí a bá sì ní ọ̀nà jìn, ní 7 December 2021, ní Ojodu ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ akẹ́rù kan ya pa àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Aṣọ ilé-ìwé wà lọ́rùn wọn, ìwé wà lápò wọn. Èwo nínú wa ni ó lè sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo?

Àgbà kan lè wí pé, “Àwa náà rìn lọ sí ilé-ìwé, a kò kú.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ rìn kọ́ ni èyí tí àwọn ọmọ ń rìn. Ọmọdé kì í sì í ṣe àgbàlagbà kékeré. Ó kúrú, nítorí náà mọ́tò tí a gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà bò ó mọ́lẹ̀, awakọ̀ kò rí i, òun náà kò rí awakọ̀. Kò tíì mọ bí a ti í fi ojú wọn eré ọkọ̀ tí ń bọ̀ lókèèrè. Bí bọ́ọ̀lù bá sì yí sí títì, bọ́ọ̀lù nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ lórí eré ọkọ̀. Mọ́tò tí ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí òfin ilẹ̀ wa gbà láàyè nínú ìlú, ń lọ ní nǹkan bíi mítà 14 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá ń sá 80, mítà 22 ni. Bí ó bá jẹ́ 30, mítà 8 péré. Kí awakọ̀ tó rí ọmọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn ni ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tí ẹ̀rù bà àti ọmọ tí a gbé lọ sí ibojì. Ìdí nìyí tí àwọn mínísítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí ó pé jọ sí Stockholm ní February 2020 fi fohùn ṣọ̀kan pé 30 ni ó yẹ kí ó jẹ́ òpin eré níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ ti jọ ń lo ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kàn àwa olùkọ́ wàyí. Títí di 1972, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń tọ̀ ní ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2 April ọdún náà ni a ti yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, níbi tí kò bá sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọwọ́ òsì ni kí ọmọ máa tọ̀, kí ó lè dojú kọ ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọdá, ọwọ́ òsì ni kí ó kọ́kọ́ wò, nítorí láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù yóò ti wá. Lẹ́yìn náà kí ó wo ọ̀tún, kí ó sì tún wo òsì. Ìwé tí a kọ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀tún. Ó tọ̀nà fún ọ̀nà tiwọn, kò tọ̀nà fún tiwa. Ẹ̀kọ́ tí a yá láìwo ilẹ̀ ara ẹni lè pa ọmọ. Inú yàrá nìkan kọ́ ni a sì ti í kọ́ ọ: ẹ̀bá títì gan-an ni kí olùkọ́ mú àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n ṣe é lójú rẹ̀ títí yóò fi mọ́ wọn lára.

Ní ti kẹ̀kẹ́ ológeere, àwọn kan ní kí a kà á léèwọ̀ fún ọmọ ilé-ìwé. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ẹṣin mẹ̀kúnnù ni kẹ̀kẹ́: kì í mu epo, ó sì ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú fún ọmọ abúlé. Ṣùgbọ́n kí a kọ́ ọmọ bí a ti ń gùn ún. Kí kẹ̀kẹ́ bá ara rẹ̀ mu, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó. Kẹ̀kẹ́ bàbá kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn máa mú, kí agogo máa dún. Ẹlẹ́sẹ̀ ń dojú kọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ ń bá ọkọ̀ lọ ní ọwọ́ ọ̀tún, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní méjì méjì. Kí ó má ṣe di ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù mú. Bí ó bá dé oríta ńlá, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tì í kọjá. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo 7, tí kùrukùru sì bo ojú ọ̀nà, kí ohun funfun tàbí ohun tí ń tàn wà lára ọmọ àti lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ń kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀kadà kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Gbogbo wa rántí ọdún 2009, nígbà tí àṣẹ dé pé kí olúkúlùkù tí ó bá gun alùpùpù dé àṣíborí, tí àwọn kan sì dé igbá àti ìkòkò láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orí ta ni igbá náà yóò gbà là?

Kí ni àwọn mìíràn ti ṣe? Ní ilẹ̀ Japan, àwọn ọmọ àdúgbò kan náà máa ń kóra jọ rìn, àgbà inú wọn ni ń ṣáájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1953 fún àwọn tí ìlú yàn ní àṣẹ láti dá mọ́tò dúró kí ọmọ lè sọdá. Ẹ má sì sọ pé owó òyìnbó ni ó ń ṣe é. Ní Dar es Salaam ní ilẹ̀ Tanzáníà, a rí àwọn tí ó wo ilé-ìwé tí ìjàǹbá pọ̀ sí jù, wọ́n la ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n mọ òkìtì tí ń dín eré ọkọ̀ kù, wọ́n sì gbé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé mìíràn kúrò ní ẹ̀bá títì. Ìpalára àwọn ọmọ dín kù, iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn àgbáyé ní 2019. Ní ilé níbí, ọmọ Yorùbá, Wọlé Ṣóyínká, ni alága àkọ́kọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1988, àjọ náà sì ń gba àwọn tí yóò fi ara wọn jìn ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù. Àwọn àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì kò ha pọ̀ láàárín wa, tí wọ́n ń jí ní agogo 5 láìrí iṣẹ́ ṣe?

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ foríjì wá bí ọ̀rọ̀ yìí bá le. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ ọmọ máa tẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ìsọ̀ ti gbà á, ibùdó ọkọ̀ ti gbà á, a sì mọ̀ pé ìsọ̀ kì í dédé hù láìsí ẹni tí ó fi ọwọ́ sí i. Bí ọmọ bá kúrò lórí títì, inú gọ́tà tí kò ní ìdérí ni yóò bọ́ sí. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, a kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gba ẹ̀bá ọ̀nà padà níwájú ilé-ìwé, láti pe àwọn olórí awakọ̀ àti ọlọ́kadà jókòó, láti dé gọ́tà kan, èyí kò ju agbára ìlú tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé-ìwé lọ.

Nítorí náà a mú àbá kan wá. Kí olúkúlùkù ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà níhìn-ín yan ilé-ìwé kan ní àdúgbò rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Monday kan kí a tó tún pàdé, kí ó fi mọ́tò rẹ̀ sílé, kí ó di ọwọ́ ọmọ kan mú, kí ó sì bá a rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ibi tí ẹ̀rù bá ti ba òun fúnra rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé wọ̀nyí ni kí a kó wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí èyí tí ó burú jù.