Oògùn Tí Àwọn Àgbà Ń Lò àti Ìnira Ìgbọ̀nsẹ̀



Àwọn baba wa a máa wí pé ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ó ń dun ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Ọ̀ràn náà ni àìlè ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ bí ó ti yẹ. Àgbàlagbà a jókòó pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a máa tiraka títí òógùn yóò fi bò ó, ohun tí yóò sì jáde kò ní ju hóró líle díẹ̀ lọ. Bí àwọn ará ilé bá béèrè, a ní àlàáfíà ni òun wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ogbó ni ó ń fa irú ìnira bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Òtítọ́ ni pé bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, ìrìn a máa dínkù, òùngbẹ kì í sì í gbẹ ènìyàn tó bí ó ti ń gbẹ ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí a kì í sábà rántí, èyí ni oògùn tí àgbàlagbà náà ń lò fún àìsàn mìíràn. Nítorí náà, bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí nira fún àgbàlagbà, ohun àkọ́kọ́ tí ó tọ́ ni kí a yẹ oògùn rẹ̀ wò. Kò yẹ kí a sáré fi oògùn mìíràn kún un, kò sì yẹ kí a dá èyíkéyìí dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Kì í ṣe dandan kí ènìyàn yàgbẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tí ń lọ ní ìgbà 3 lóòjọ́ àti ẹni tí ń lọ ní ìgbà 3 lọ́sẹ̀ lè wà ní àlàáfíà bákan náà. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni ìyípadà: kí ìgbà tí à ń lọ dínkù sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ìgbẹ́ le, kí a máa tiraka, tàbí kí ó dà bí ẹni pé kò tán nínú.

Bí oúnjẹ bá ti dà, ìyókù rẹ̀ a bọ́ sínú ìfun ńlá. Iṣan ara ìfun ni ó ń sún un síwájú díẹ̀díẹ̀, ìfun a sì máa fa omi kúrò lára rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Bí ohunkóhun bá mú iṣan yìí lọ́ra, ìgbẹ́ a pẹ́ nínú ju bí ó ti yẹ, omi a tán lára rẹ̀, a sì le. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ oògùn ń gbà fa ìnira nìyí.

Èkíní nínú wọn ni oògùn ìrora líle tí ó jẹ́ ẹbí morphine, bíi codeine àti tramadol. Bí wọ́n ti ń dín ìrora kù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fa ọwọ́ ìfun sẹ́yìn. Ara a máa mọ́ oorun àti èébì tí wọ́n ń fà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìfun kì í sábà mọ́ wọn lára. Ìdí nìyí tí dókítà fi sábà ń fi oògùn tí ń mú inú rọ̀ kún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé oògùn ikọ́ olómi tí codeine wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, codeine wà nínú hóró oògùn ìrora tí ń jẹ́ co-codamol, èyí tí ọmọ tí ń gbé ní Ìlú Ọba lè rà ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀.

Èkejì ni àwọn oògùn tí ń mú ẹnu gbẹ. Chlorpheniramine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Piriton, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni amitriptyline. Bí ẹnu ti ń gbẹ ni ìfun ń lọ́ra, ìtọ̀ sì lè ṣòro láti tọ̀. Ní ọdún 1991, Mark Beers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àkójọ oògùn tí kò yẹ kí a máa fún àwọn arúgbó láìnídìí pàtàkì jáde. A ti ń tún àkójọ náà ṣe láti ìgbà náà wá, oògùn méjèèjì yìí sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni díẹ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Verapamil ni a mọ̀ jùlọ fún èyí. Nifedipine àti amlodipine náà lè ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn. Oògùn tí ń mú ni tọ̀ púpọ̀, bíi frusemide, lè fa omi kúrò lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbẹ́ yóò fi gbẹ. Ẹ̀kẹrin ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀, tí í máa sọ ìgbẹ́ di dúdú, àti oògùn ọgbẹ́ inú tí aluminium wà nínú rẹ̀, àti hóró calcium.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan ẹni 70 ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Dókítà fún un ní amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Orúnkún ń dùn ún, ó ra tramadol. Ó rẹ̀ ẹ́, wọ́n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Kò rí oorun sùn, aládùúgbò ní kí ó máa lo Piriton. Ọ̀kọ̀ọ̀kan oògùn wọ̀nyí lè má ṣe nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé nínú ara kan ṣoṣo, ìfun kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ibi tí ewu wà gan-an ni ohun tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè ṣe lẹ́yìn náà. Bí ó bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè láìsí àmì kankan, títí àrùn rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Bí ó bá sì mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí ewé àsùnwọ̀n ní àmujù, inú lè ṣí kọjá ààlà. Omi àti iyọ̀ tí ara nílò a bá a lọ, òòyì a kọ́ ọ bí ó bá dìde lóru, ó sì lè ṣubú kí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Iyọ̀ Epsom tí àwọn kan ń pò mu léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́, nítorí pé magnesium inú rẹ̀ a máa pọ̀ jọ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ó máa ń tan ará ilé jẹ. Bí ìgbẹ́ líle bá ti dí ọ̀nà pa, omi ìgbẹ́ lè máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, a ó sì rò pé inú ni ó ń ṣu arúgbó. Ẹni tí ó bá fún un ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró ti fi kún ìṣòro rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àmì tí a ó kọ́kọ́ rí ni pé arúgbó kò jẹun mọ́, tàbí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Kí a kó gbogbo oògùn ilé sínú àpò kan: èyí tí dókítà kọ, èyí tí a rà ní kẹ́míìsì, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́, àti ìgò àgbo pẹ̀lú. Kí a gbé àpò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí apòògùn, kí a sì sọ ọjọ́ tí ìnira bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kún ti àtẹ̀yìnwá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè pààrọ̀ ọ̀kan, ó lè dín òmíràn kù, ó sì lè yọ èyí tí kò wúlò mọ́ kúrò. Bí ó bá fún ni ní oògùn tí ń mú inú rọ̀, kí a ní sùúrù fún un. Hóró senna a máa gba wákàtí 8 sí 12, nítorí náà alẹ́ ni a sábà ń lò ó. Lactulose lè gba ọjọ́ 2 kí ó tó ṣiṣẹ́; kò yẹ kí a tún un mu léraléra nítorí pé a kò tíì rí àbájáde.

Oúnjẹ àti ìṣe wa náà ní ipa tiwọn. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, ìbẹ́pẹ àti ọsàn tí a jẹ tòun ti ẹran inú rẹ̀ dára fún ìfun. Kí a máa mu omi dáadáa, àyàfi ẹni tí dókítà bá ti dín omi rẹ̀ kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Kí àgbàlagbà máa rìn bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ ni ìfun sábà ń jí, nítorí náà ìgbà náà ni kí ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré bí ó bá jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kánjú rẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí arúgbó bá ń rù láìnídìí, bí inú bá wú tí ó sì ń dùn, bí ó bá ń bì, tàbí bí kò bá lè yàgbẹ́ kí ó sì so, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ òbí yín pé ṣé wọ́n ti jẹun, ẹ máa fi ọ̀wọ̀ béèrè pẹ̀lú bí ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ti rí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́ níwájú dókítà. Oògùn tí a fún yín láti fi gùn ní ẹ̀mí kò yẹ kí ó di ìnira fún yín, ìwọ̀nba tí a bá sì sọ fún dókítà ni ó lè mọ̀ kí ó tó tún un ṣe.